Àtẹ́lẹwọ́ Tó Wà Lára Ìgò

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ìgò ọtí jáde kúrò nínú ọgbà kan tí ìkòkò ọtí inú rẹ̀ kò lè mú ju igba ìgò jáde láàárín oṣù kan. Wọ́n ya àtẹ́lẹwọ́ obìnrin kan sára ìgò kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ náà, wọ́n kọ ọ́ pé: Ọwọ́ Kan Ló Sè É.

Mo mọ obìnrin tó ni ọwọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Mo mọ ẹni tó kọ gbólóhùn náà pẹ̀lú. Bàbá mi ni. Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń kọ èyí.

Onímú ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin náà. Kì í ṣe pé imú rẹ̀ tóbi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé alágbẹ̀dẹ tó máa ń bá a tún ìkòkò ṣe kì í gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé imú rẹ̀ mọ iṣẹ́. Ó lè dúró lẹ́nu ọ̀nà onílé kó sọ fún un pé wàrà tó gbé pa mọ́ sínú ilé ti fẹ́ kan. Kò sí ọmọ tó jẹ́ fa sìgá ní kọ̀rọ̀ tí Onímú bá wà nítòsí. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé, ọkùnrin náà máa ń sọ pé nínú gbogbo ọkọ tó wà ládùúgbò, òun nìkan ni kò lè parọ́ ibi tí òun ti ń bọ̀, nítorí pé kí òun tó la ẹnu, ìyàwó òun á ti gbọ́ òórùn ọ̀nà lára ẹ̀wù òun.

Ilé tó ti ń setí kò tóbi. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ni, òrùlé páànù, fèrèsé méjì tí kò ní gíláàsì. Ìkòkò bàbà jókòó lórí bíríkì, ikùn rẹ̀ dúdú látinú èéfín, ọrùn rẹ̀ sì gùn, ó tẹ̀ bí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ. Láti ẹnu ọrùn yìí ni páìpù kan ti wọ inú àgbá omi tútù, ó lọ́ yí ká nínú rẹ̀, ó sì yọ jáde nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni ọtí ti ń sun. Kì í tú jáde o. Ó ń sun, tínrín bí òwú. Omi ìrèké ni wọ́n fi ń sè é. Wọ́n á fún ìrèké nínú ẹ̀rọ, wọ́n á da omi rẹ̀ sínú ike, wọ́n á jẹ́ kó hó fúnra rẹ̀ títí á fi kan, lẹ́yìn náà wọ́n á gbé e sínú ìkòkò, wọ́n á dáná sí i.

Ẹni tí kò mọ̀ rò pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ parí sí. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ọtí tó kọ́kọ́ sun jáde kò ṣeé mu. Ó ń rùn bí ọ̀dà tí àwọn obìnrin fi ń kun èékánná, ó sì máa ń fọ́ni lórí. Àkọ́jáde ni Onímú ń pè é, ìdí ògiri lẹ́yìn ilé ló sì ń dà á nù sí. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti pá bí orí arúgbó, koríko kankan kò hù níbẹ̀ mọ́. Ìgbẹ̀yìn ọtí náà kò dára. Òórùn rẹ̀ dà bí ti aṣọ tútù tí wọ́n gbàgbé sínú báàgì. Èyí tó wà láàárín méjèèjì ni ọtí. Ṣùgbọ́n ibi tí àkọ́jáde ti parí tí àárín ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó fa ilà síbẹ̀. Ìrèké ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kò dà bí ti ìgbà òjò, èyí tó hù létí odò kò sì dà bí èyí tó hù lórí òkè. Ààlà náà ń sún síwájú, ó ń sún sẹ́yìn, lójoojúmọ́.

Nítorí náà, Onímú á na ọwọ́ sábẹ́ páìpù, á gba ẹ̀kán kan tàbí méjì, á fi ọwọ́ kejì ra á, á dúró díẹ̀ kí títa rẹ̀ fò lọ, á wá gbé àtẹ́lẹwọ́ sí imú. Gbogbo ilé á dákẹ́. Tí ó bá ní, "Kò tíì dé," wọ́n á máa da ohun tó ń sun nù. Tí ó bá ní, "Ó ti dé," wọ́n á pààrọ̀ ife, ohun tó bá bọ́ sínú ife tuntun náà ni wọ́n á tà. Kò sí ẹlòmíràn tó ń sọ ọ́. Ọkọ rẹ̀ kò sọ ọ́ rí. Bàbá mi náà kò sọ ọ́ rí.

Mo fẹ́ kí ohun kan yé ẹni tó ń kà á kí n tó máa lọ. Ẹnikẹ́ni lè ra ìkòkò bàbà. Ẹnikẹ́ni lè ya ọwọ́ sára ìgò. Ohun tó ń sọ ọtí di iṣẹ́ ọwọ́ ni pé ẹnì kan wà nídìí rẹ̀ tó lè sọ pé rárá, tí ìnáwó àti làálàá gbogbo yóò sì dúró nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Tí kò bá sí ẹni náà, ọjà ni. Ọjà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a fún un lórúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ní ìgbà òjò ọdún tó ṣáájú ìyẹn, ọ̀fìnkìn ńlá kan wọ ilé Onímú. Gbogbo wọn ló dùbúlẹ̀, gbogbo wọn ló sì dìde. Imú Onímú nìkan ni kò dìde. Bó ṣe mọ̀ ni pé ó jókòó nínú ilé ìdáná, ó ń ṣa ẹ̀wà sínú abọ́, nígbà tí aládùúgbò kan sáré wọlé tó sì gbé ìkòkò kúrò lórí iná. Ohun tó wà nínú ìkòkò náà ti di èédú. Èéfín ti kún inú ilé dé àjà.

Aládùúgbò náà ní, "Màmá, ṣé ẹ ò gbọ́ òórùn ni?"

Onímú ní òun ń ronú ni.

Lẹ́yìn tí aládùúgbò lọ, ó gbé ọṣẹ sí imú. Ó gbé kẹrosíìnì sí imú. Ó wá lọ gbé ìkòkò amọ̀ kékeré tó fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èyí tí ọtí inú rẹ̀ jẹ́ ti àkókò tí ọkọ rẹ̀ ṣì wà láyé, ó ṣí i, ó tẹ orí bò ó. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Dókítà tó lọ bá sọ fún un pé ó lè padà, ó sì lè má padà. Ìmọ̀ràn tí wọ́n fún un kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀ lẹ́yìn náà, ó ní, "Tí wọ́n bá gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ alápatà, kí ni wọ́n á máa pè é?" Ó retí kí n káàánú òun. Mo sọ fún un pé wọ́n á máa pè é ní ẹni tí wọ́n gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ ni. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀.

Ó ń bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ó ń gba ẹ̀kán sí ọwọ́, ó ń ra á, ó ń gbé e sí imú, gbogbo ilé ń dákẹ́ dè é. Á wo bí ọtí ṣe ń sun, á fọwọ́ kan páìpù kó mọ bó ṣe gbóná sí, á wá sọ ohun tó rò. Ẹ̀rù ń bà á pé òun yóò fi àkọ́jáde fún èèyàn mu, nítorí náà ó ń pẹ́ kó tó ní ó ti dé, ó sì ń tètè ní ó ti tán. Ohun tó yẹ kó wọ ìgò ń lọ sí ìdí ògiri. Láàárín oṣù mélòó kan, ọtí tó ń jáde nínú ìkòkò náà ti dín sí ìlàjì.

Bàbá mi ló ń ta ọtí náà. Mánéjà ni wọ́n ń pè é, láti ìgbà tí kò tíì sí ohun kankan tó lè mánéèjì. Kékeré lòun àti Onímú ti jọ ń fi orí ru ìrèké, òun ló sì ń ru èyí tó pọ̀ jù nítorí pé òun ni ọkùnrin. Ẹnu rẹ̀ dùn. Ó lè ta yìnyín fún ẹni tí òtútù ń mú. Òun ló ní kí wọ́n ya àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀gbọ́n òun sára ìgò, àwọn èèyàn sì fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ilé ọtí ńlá fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri. Wọ́n ń fẹ́ sí i, ìkòkò sì ń mú ohun tó kéré sí i jáde. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ìdí tí ọtí fi ń dín kù. Ó lọ ra àgbá búlúù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú àgbá náà bó ṣe rí gan-an, nítorí pé àwọn èèyàn máa ń sọ àsọdùn nípa irú rẹ̀. Ọtí ni. Ilé-iṣẹ́ ńlá ló sè é nínú ẹ̀rọ gíga kan, wọ́n sì yọ ohun gbogbo kúrò lára rẹ̀, òórùn, adùn àti ibi tó ti wá. Kò sí májèlé nínú rẹ̀. Kò pa ẹnikẹ́ni. Mánéjà ń bu omi là á, ó ń fi ṣúgà tí wọ́n sun kùn ún láwọ̀, ó sì ń da díẹ̀ nínú ọtí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí i.

Ó gbé èyí tí ọtí àgbá àti ọtí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ ìlàjì-ìlàjì lọ fún Onímú nínú ife, kò sọ ohun tó wà níbẹ̀, ó ní kó bá òun wò ó kí wọ́n tó rọ ọ́ sí ìgò. Onímú fi ra ọwọ́, ó gbé e sí imú, ó ní, "Ó dára." Kí ló fẹ́ sọ? Ní ìgbà kejì, ọtí ẹ̀gbọ́n di ìdá kan nínú mẹ́rin. Ó dára. Nígbà tó yá, Mánéjà gbé ti àgbá búlúù nìkan lọ bá a, omi àti ṣúgà sísun ló fi kún un, kò sí ẹ̀kán kan nínú rẹ̀ tó gba inú ìkòkò bàbà kọjá. Onímú ní ó dára.

Alágbẹ̀dẹ ló tú àṣírí náà. Òun ló tẹ ọrùn ìkòkò náà fúnra rẹ̀ nígbà tí àwọn méjèèjì wà ní ọ̀dọ́, wọ́n sì ti ń bú ara wọn láti ìgbà náà láìsí ọjọ́ ìsinmi. Ó wá dí ihò kan tó yọ lára páìpù. Ó wọ inú ọgbà, ó gbé àpò irinṣẹ́ kalẹ̀, ó ń fa imú bí ẹni tó fẹ́ sín.

Ó ní, "Onímú, ilé ìwòsàn lo fẹ́ ṣí ni?"

"Ilé ìwòsàn báwo?"

"Òórùn tó wà níbí ńkọ́? Ó ń ta mí nímú láti ẹnu géètì. Ó dà bí ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ gún èèyàn lábẹ́rẹ́."

Onímú ní òun náà ti gbọ́ ọ. Ó ní níbo ló rò pé ó ti ń wá.

Alágbẹ̀dẹ rẹ́rìn-ín. "Èmi lò ń bi? Ẹja ń béèrè ọ̀nà odò lọ́wọ́ adìyẹ." Ó retí kí obìnrin náà dá a lóhùn, kó bú òun àti ìyá adìyẹ. Páìpù ni Onímú yíjú sí. Ẹ̀rín kúrò lójú alágbẹ̀dẹ. Ó fa àkísà tó fi ń nu ọwọ́ yọ nínú àpò, èyí tí kẹrosíìnì ti rin gbingbin, ó gbé e sábẹ́ imú rẹ̀ bí ẹni ń ṣeré.

"Kí lèyí?"

"Àkísà ìnuwọ́ rẹ ni."

"Mo mọ̀. Kí ló wà lára rẹ̀?"

Onímú wo àkísà náà títí. Ojú ló fi ń wá ohun tó yẹ kó fi imú rí. Alágbẹ̀dẹ ká a padà sínú àpò. Kò pariwo, kò bi í ní ìbéèrè kejì. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni ń fa afọ́jú, ó sì ń tẹ̀lé imú tirẹ̀ lọ títí wọ́n fi dé ilé ìkẹ́rù tó wà lẹ́yìn. Àwọn àgbá búlúù wà níbẹ̀, lẹ́yìn àwọn àpò ìdérí ìgò, wọn ò sì dé méjì nínú àgbá náà dáadáa. Ojoojúmọ́ ni Onímú ń gba ibẹ̀ kọjá lọ da àkọ́jáde nù.

Ó bu díẹ̀ nínú àgbá, ó fi ra ọwọ́, ó gbé e sí imú. Ó tọ́ ọ wò. Iná nìkan ni ahọ́n rẹ̀ bá. Ó ní kí alágbẹ̀dẹ dúró, ó wọ yàrá lọ, ó gbé ìkòkò amọ̀ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wá. Ó bu tiẹ̀, ó fi ra ọwọ́ kejì. Ó tọ́ ọ wò. Ó tún padà sí ti àkọ́kọ́. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí tí alágbẹ̀dẹ fi gba ìkòkò náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Iná kan náà ni. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ tèmi."

Mánéjà dé ní ìrọ̀lẹ́. Nínú yàrá tí àwọn obìnrin ti ń fọ ìgò ni Onímú ti dúró dè é, ó sì ti ní kí àwọn obìnrin náà máa lọ sílé. Èmi wà níbẹ̀, nítorí pé mo ti parí ìwé mi, mi ò sì tíì ríṣẹ́. Onímú bi í ní ohun tó wà nínú àwọn àgbá yẹn.

Bàbá mi kò purọ́. Ó yẹ kí n sọ èyí nípa rẹ̀, ó ní bóun ṣe rò ó nìyí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí ẹ ti ń fọwọ́ sí láti ọjọ́ yìí ló wà nínú wọn. Èmi ni mo gbé e wá fún yín. Ẹ rántí ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo ní, ẹ̀gbọ́n mi á fọ́ ife yìí mọ́ mi lórí. Ẹ fi ra ọwọ́, ẹ ní ó dára. Mo jáde, mo lọ jókòó sínú ọkọ̀, mi ò lè wà á. Mo ní, àṣé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Gbogbo ìrèké tí mo fi orí rù, gbogbo 'kò tíì dé, kò tíì dé' tí ẹ fi ń dá wa dúró nínú oòrùn, àṣé ẹ̀yin náà ò mọ̀."

Onímú ní, "Imú mi ti kú, Àbúrò."

Mánéjà wò ó. Ó fa páálí ìgò kan, ó jókòó lé e, páálí náà sì tẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ ò sọ fún mi."

"Ìwọ náà ò sọ fún mi."

Adìyẹ bà lókùn: tí Onímú bá fẹ́ tú Mánéjà fó, àfi kó kọ́kọ́ sọ fún gbogbo ayé pé òun ti ń fi imú òkú jẹ́rìí ọtí. Tí ó bá sì fẹ́ pa imú rẹ̀ mọ́, òun ló ni gbogbo ìgò tó ti jáde. Àwọn méjèèjì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni bàbá mi sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò ní dárí rẹ̀ jì í. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ má tún sọ fún ẹlòmíràn."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló yẹ kó gbé àwọn àgbá náà padà. Ohun tó sọ pé ó ba ìgbàgbọ́ òun jẹ́ kò sí mọ́: ìyàtọ̀ wà láàárín ọtí méjèèjì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni kò lè gbọ́ ọ. Bàbá mi sì ní imú. Ihò méjì ló ní, méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́. Kò fi gbọ́ ohunkóhun rí nínú ọ̀ràn yìí, nítorí pé ohun tí imú ẹlòmíràn bá sọ kò lè dá a lẹ́bi.

Ẹgbẹ́ kan wà tó máa ń fún àwọn olùsetí kéékèèké ní òǹtẹ̀. Òǹtẹ̀ náà ló ń sọ fún ayé pé ọtí kan jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ gidi, ilé ìtajà ńlá kì í sì í gba ọtí tí kò bá ní in. Àwọn olùyẹ̀wò ẹgbẹ́ yìí ti dá ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀. Mánéjà bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ohun tó fẹ́ kò ju kó dúró nídìí ìkòkò, kó fi ọtí ra ọwọ́, kó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tó ti ń sọ láti ọgbọ̀n ọdún. Ó ka àwọn obìnrin tó ń fọ ìgò fún un, èyí tí ọkọ rẹ̀ kò sí mọ́, èyí tó lóyún. Ó ní kó tún ro ti ọmọ òun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, tí ọtí yìí rán níwèé. Èmi ni ọmọ náà. Kò bi mí léèrè.

Onímú gbé ike àkọ́jáde, ó lọ dà á nù sídìí ògiri.

Àwọn mẹ́ta ló wá: obìnrin kan tó wọ awò ojú, tó jẹ́ olórí wọn, ọkùnrin kan tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn, àti ẹnì kẹta tó ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn láìsọ̀rọ̀. Wọ́n ti dáná sí ìkòkò láti àárọ̀. Ọtí bẹ̀rẹ̀ sí í sun. Onímú na ọwọ́, ó gba ẹ̀kán, ó ra á, ó dúró. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ sí imú. Kámẹ́rà dún. Àwọn obìnrin tó ń fọ ìgò ti wá dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọwọ́ tútù. Mánéjà ti ṣí ẹnu díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bá a sọ ọ́.

Onímú ní, "Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Imú mi ti kú láti ìgbà òjò èṣí. Ọtí tó wà nínú ìgò tí wọ́n kó jọ síwájú yín yẹn, èmi kọ́ ni mo sè é. Inú àgbá búlúù ló ti wá. Àgbá wà lẹ́yìn, ẹ lọ wò ó."

Obìnrin aláwò yọ awò rẹ̀, ó nù ún, ó ní kí Mánéjà mú àwọn lọ síbẹ̀. Wọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n padà dé, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ó ṣàlàyé pé ohun mẹ́ta ni òfin àwọn ń béèrè. Kí ẹni tó ni ọgbà má jẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá. Kí ìkòkò bàbà wà níbẹ̀, kó sì máa gbóná. Kó jẹ́ pé èèyàn ló ń fọwọ́ sí ọtí kó tó wọ ìgò, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ó ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pé.

"Màmá, a mọ rírì òtítọ́ inú yín. Ṣùgbọ́n òfin ò béèrè imú."

Onímú ní, "Kí wá ni òfin ń pè ní iṣẹ́ ọwọ́?"

"Èyí tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ ńlá."

"Ilé-iṣẹ́ ńlá ló sè é."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Àmọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá kọ́ ló ń tà á."

Ọ̀kan nínú àwọn afọgò rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọkùnrin oníkámẹ́rà bẹ Onímú pé kó gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè kí òun yà á. Onímú kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Àwòrán ti tẹ́lẹ̀ ni wọ́n lò.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa lé e bá. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òtítọ́ lé e bá, wọ́n kí ara wọn, irọ́ sì gba òǹtẹ̀. Ọtí tó kọ́kọ́ jáde pẹ̀lú òǹtẹ̀ yẹn ni ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ìgò tí mo sọ ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n kó o jáde, Onímú ránṣẹ́ pe alágbẹ̀dẹ. Ó ní kó gé ọrùn ìkòkò náà. Òfin fẹ́ kí ìkòkò máa gbóná. Kò sí bí ìkòkò tí kò ní ọrùn ṣe lè setí. Alágbẹ̀dẹ kọ̀. Ó ní òun ti rí ìyá tó bínú sí ọmọ rí, òun ò rí èyí tó ní kí alágbẹ̀dẹ wá bá òun bẹ́ ẹ lórí. Onímú ní tí kò bá gé e, òun á fi àáké ṣe é, á sì burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà gé e. Ó gé e dáadáa, ó fi irin fáìlì ha etí rẹ̀ kó má baà ya ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ó sì gbé ọrùn náà lọ sí ilé rẹ̀.

Kí oṣù náà tó parí, Mánéjà ti ra òmíràn. Ó dán ju ti àtijọ́ lọ. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà níbi tí àlejò á ti rí i, wọ́n sì máa ń dáná sí i tí àlejò bá ń bọ̀. Omi lásán ni wọ́n ń sè nínú rẹ̀. Onímú ní kí wọ́n yọ ọwọ́ òun kúrò lára ìgò. Wọ́n ní wọ́n ti tẹ ìwé ara ìgò sílẹ̀ jìnnà.

Iwájú ilé rẹ̀ ló ń jókòó báyìí. Imú náà kò padà. Alágbẹ̀dẹ máa ń wá ní ọ̀sán, wọ́n á gbé ìkòkò amọ̀ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde, alágbẹ̀dẹ á kán ẹ̀kán kan sí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ tó le bí awọ, á ra á, á wá máa bá a gbọ́ òórùn rẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n ṣe. Lọ́jọ́ tí mo lọ kí wọn, ó ní ó ń rùn bí ewúrẹ́ tí òjò pa.

Onímú ní, "Ewúrẹ́ ilé rẹ nìyẹn. Tún un gbọ́."

Ọkùnrin náà di ojú, ó tún fà á. "Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́ ìrèké, tí eyín ò tíì kàn án."

Onímú mi orí. Ó tẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ lé orí itan, ó ń wò ó.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ìgò. Mo ti béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á: ẹyọ kan kò padà. Onímú pàdánù imú rẹ̀ nínú àìsàn, ó sì fi í pamọ́, mi ò dá a láre. Bàbá mi ní imú, ó fi í sílẹ̀ láìlò, mi ò dá a láre. Àwọn olùyẹ̀wò mú imú mẹ́ta wọ ilé ìkẹ́rù yẹn, wọ́n sì mú un jáde. Ìwọ ńkọ́, ìwọ tó rà á nítorí ọwọ́ tó wà lára rẹ̀?

Ìgò náà wà nílé rẹ. Dìde, lọ mú un wá. Kán an sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ, fi ọwọ́ kejì ra á, dúró kí títa rẹ̀ lọ, kí o sì gbé e sí imú. Tí ó bá jẹ́ òórùn ilé ìwòsàn lo gbọ́, gbé e padà lọ sórí tábìlì ẹni tó tà á fún ọ, kí o sì sọ ọ́ sókè lójú gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ pé: kò tíì dé.